Bíà Àgbá Méjì Tí Kò Tó Agboolé Wa

Bí ẹnìkan bá sọ lójú mi pé òun kì í fẹnu kan ọtí, n kì í bá a jiyàn mọ́. Ètè rẹ̀ ni mo máa ń wò. Àwọn ará ilé wa ló kọ́ mi ní ìwà yìí, ní ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ìlú òyìnbó dé, nígbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba apá ọ̀tún ní títì Èkó, tí àwọn àgbàlagbà ṣì ń wo ibi tí kò yẹ kí wọ́n tó sọdá. Ó ti pẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, inú ṣì ń bí mi bí ẹni pé àná ni.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni agboolé wa wà, níbi tí ìpè àdúrà mọ́ṣáláṣí mẹ́ta ti máa ń pàdé ara wọn lórí òrùlé wa. Mùsùlùmí ni ilé bàbá mi, oníṣòwò aṣọ ni wọ́n láti ìran dé ìran. Ọmọ Àgùdà ni ìyá mi ní tirẹ̀, láti Pópó Àgùdà. Kò fi Kátólíìkì rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó fẹ́ bàbá mi, bàbá mi kò sì ní kó fi í sílẹ̀. Nígbà tí bàbá ìyá mi kú, ìyá ìyá mi kó wá bá wa, ó ń gbé yàrá kékeré tó kọjú sí àgbàlá. Màmá Àgbà ni à ń pè é. Òun ló tọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, torí ọjà ni ìyá wa máa ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Òun ló ń wẹ̀ wá, òun ló ń fún wa lóúnjẹ, òun náà ló ń nà wá nígbà tó bá tọ́ sí wa.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé, tó sì rí iṣẹ́ ẹnjiníà gbà, olórí agboolé ní a gbọ́dọ̀ ṣe àpèjẹ fún un. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni olórí agboolé náà, Bàbá Alájì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Gbogbo ilé gbà. Wọ́n pín ìrẹsì fún àwọn kan, wọ́n pín ẹran fún àwọn mìíràn. Ìgbà tó kan ọ̀rọ̀ ọtí ni ẹ̀gbọ́n mi gbẹ́nu sí i.

Ó ní, “Ẹ dákun, kì í ṣe bíà inú ìgò. Àwọn tí a jọ kàwé ń bọ̀, àwọn ará ibi iṣẹ́ mi náà ń bọ̀. Bíà inú àgbá ni wọ́n ń mu níbi tí mo ti ń bọ̀, èyí tí wọ́n ń fi póǹpù fà sínú ife.”

Ilé ìtura kan wà ní Marina nígbà náà, tó kọjú sí ọ̀sà, tó ń ta irú bíà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mọ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ibẹ̀. Ọ̀gá náà á ta àgbá fún wa, á sì yá wa ní póǹpù, ṣùgbọ́n ó ti là á mọ́lẹ̀ pé àgbá tó bá ti jáde kò tún ní padà. Bẹ́ẹ̀ ni bíà àgbá kì í dúró. Tí èèyàn bá ti ṣí i lónìí, bó bá fi máa di ọ̀la, ó ti di omi ìfọṣọ. Tí a bá rà á jù, a ó dà á nù. Tí kò bá tó, kò sí ibi tí a ti máa rí òmíràn lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Àgbá kan á kún ife bí ọgọ́rin. Kí a ṣáà ti mọ iye ẹni tí yóò mu, a ti mọ iye àgbá tí a ó rà.”

Bàbá Alájì na ìka sí mi. “Ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ìwọ lo mọ ìṣirò. Lọ láti yàrá dé yàrá, kó o bi àgbà kọ̀ọ̀kan léèrè bóyá yóò mu àbí kò ní mu. Òtítọ́ ni mo fẹ́ o. N kò fẹ́ ìfiṣòfò nínú agboolé mi.”

Òtítọ́ ló sọ pé òun fẹ́. Ẹ bá mi dì í mú.

Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ òun fúnra rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Bàbá Alájì, ẹ máà bínú. Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni mo ń jẹ́. Ṣé ẹ ó mu nínú bíà náà?”

Ó sọ tẹ̀sùbáà kalẹ̀. “Àsìtàgàfúrúláì! Èmi? Èmi tí mo ti fi ojú mi kan Káábà? Wò mí dáadáa, ọmọ yìí. Ṣé orí ọ̀mùtí lo rí lọ́rùn mi?”

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kí ó má bínú, pé òun náà ló ní kí n bi gbogbo àgbà. Ó ní òun dárí jì mí, ṣùgbọ́n kí n má ṣe irú rẹ̀ mọ́.

Mo gun òkè lọ sọ́dọ̀ ọkọ àbúrò bàbá mi. Alàgbà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, òun nìkan ni ọkùnrin tí kì í ṣe Mùsùlùmí tó ń gbé agboolé wa. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe gbọ́ ìbéèrè mi. Ó ní, “Ọmọ mi, tẹ́ńpìlì ni ara èèyàn. Mínírà aláwọ̀ ọsàn ni kó o bá mi wá.” Mo dúpẹ́, mo yíjú padà. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó tún pè mí. “Bíà àgbá yìí, ṣé ó máa ń tutù ju ti inú ìgò lọ ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Ó ní, “Ẹ̀n-ẹ́n. Mo kàn bèèrè ni.”

Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn àbúrò bàbá mi ní ilé ẹ̀yìn. Mínírà. Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyàwó wọn. Mínírà. Bàbá mi kò mu nǹkan kan ju omi lọ, ti òun jẹ́ òótọ́, torí bó ṣe gbé ayé rẹ̀ nìyẹn títí ó fi lọ. Ìyá mi ní òórùn bíà máa ń rìn òun lọ́kàn. Mo yí agboolé náà ká pátápátá, kò sí àgbà kan tó gbà pé bíà ti gba ọ̀nà ọ̀fun òun kọjá rí, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa la mọ ìró ìdérí ìgò tó máa ń jábọ́ ní ilé ẹ̀yìn lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá gba owó oṣù.

Màmá Àgbà ni mo bá gbẹ̀yìn. Ó ń ha àgbọn sínú abọ́ ní iwájú yàrá rẹ̀.

“Màmá, ṣé ẹ ó mu bíà lọ́jọ́ àpèjẹ Bùrọ̀dá?”

Kò dáwọ́ dúró. “Kí ló dé tí n kò ní mu? Ṣé kì í ṣe ọmọ tí mo tọ́ ló dé ni? Ka ife mẹ́ta fún mi. Ọ̀kan kí n tó jẹun, ọ̀kan pẹ̀lú oúnjẹ, ọ̀kan nígbà tí mo bá ń wo àwọn tó ń jó.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi ní àkókò yẹn.

Nígbà tí ilé tún pé jọ, mo sọ ohun tí mo gbọ́. Mo ní tí a bá tẹ̀lé ẹnu gbogbo ènìyàn, àwọn àlejò ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni yóò mu, àgbá méjì á sì tó wọn, á ṣẹ́ kù pàápàá. Mo wá fi kún un pé, “Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí a ra mẹ́rin. Ọkàn èèyàn lè yí padà lọ́jọ́ ayẹyẹ.”

Bàbá Alájì bínú. “Ọkàn ta ni yóò yí padà? Ṣé o fẹ́ sọ agboolé bàbá mi di ilé ọtí ni? Nínú àwọn tó ń gbé ibí, ta ló ní òun á mu?”

N kò fẹ́ dáhùn. Màmá Àgbà ló dá a lóhùn fúnra rẹ̀ láti orí àpótí tó jókòó sí. “Èmi ni, Alájì. Ife mẹ́ta.”

Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò bàbá mi fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Alàgbà fi áńkáṣíìfù bo ẹnu. Bàbá Alájì mi orí, ó ní, “Ẹ wá wò ó o. Nínú ilé tó kún báyìí, ìyá tí eyín rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́ nìkan ló nawọ́ sókè fún ọtí!”

Màmá Àgbà kò bá wọn rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó ní, “Ẹni tó bá fẹ́ nǹkan ló ń sọ pé òun fẹ́ ẹ.” Mo wo ẹsẹ̀ ara mi nílẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí àgbá méjì.

Ọjọ́ Sátidé náà pé, àgbàlá kún. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àgbá méjèèjì sínú báàfù ńlá lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó to yìnyín yí wọn ká. Òun fúnra rẹ̀ ló dúró ti póǹpù, torí pé òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹ rántí èyí: òun ló ń bu gbogbo ife tó jáde. Èmi ń gbé abọ́ ìrẹsì àti ẹran káàkiri, mo sì ń gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn náà kọjá ní gbogbo ìgbà.

Alàgbà ló kọ́kọ́ yọjú. Fùláàsì tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Inú ń run ìyàwó mi. Bu díẹ̀ sí i kó fi mú ara le.” Ẹ̀gbọ́n mi bu ú, fùláàsì kún dé ẹnu. Ìyàwó rẹ̀ tí inú ń run yìí wà ní àárín àgbàlá, ó ń jó. Kò pẹ́ tí mo fi tún rí fùláàsì náà tó ń bọ̀.

Ìyàwó kékeré Bàbá Alájì ló tẹ̀lé e, ó gbé jọ́ọ̀gì tánganran olómorí dání. “Bàbá Alájì ní kí ẹ bu sí i fún àwọn àlejò òun tó wà ní pálọ̀.” Èmi ni mo gbé ẹran lọ sí pálọ̀ náà lẹ́yìn èyí. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo wọlé. Kò sí àlejò kankan níbẹ̀. Bàbá Alájì nìkan ló jókòó, ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀, jọ́ọ̀gì lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìhó bíà funfun báláú lórí irunmú rẹ̀.

A wo ara wa.

Ó ní, “Oògùn ẹ̀dọ̀ ni dókítà ní kí n máa lò. Gbé ẹran yẹn kalẹ̀. Ti ilẹ̀kùn.”

Mo gbé e kalẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn.

Ti àwọn àbúrò bàbá mi ló dùn mí jù láti wò. Wọ́n gba mínírà tí wọ́n bèèrè, wọ́n gbé ìgò náà lọ sí ẹ̀bá gọ́tà, wọ́n da mínírà sínú rẹ̀, wọ́n wá gbé òfìfo ìgò lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn. Ohun tí wọ́n fi bora nìyẹn. Ẹni tó bá wò wọ́n láti òkèèrè á sọ pé ẹni ire ni wọ́n, wọ́n ń mu ọsàn. Lójú òní, bí mo bá rántí mínírà aláwọ̀ ọsàn tó ń ṣàn lọ nínú gọ́tà nígbà tí àwọn ọmọdé ilé wa ń bẹ̀bẹ̀ fún ìlàjì ìgò, ẹ̀jẹ̀ mi á hó.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí póǹpù náà húkọ́, tó tutọ́ ìhó, tó sì dákẹ́. Màmá Àgbà ti mu ife kan ṣoṣo. Ó wá pẹ̀lú ife kejì lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi fi póǹpù hàn án.

“Ó ti tán, Màmá.”

“Ó ti tán? Àwọn tí a torí wọn rà á ńkọ́?”

Àwọn yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó ti ń ṣèlérí bíà àgbá fún láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ìrẹsì ni wọ́n bá, pẹ̀lú omi. Mínírà pàápàá kò tó mọ́, gọ́tà ti mu tirẹ̀. Wọ́n ṣe bí ọmọlúàbí, wọ́n jẹun, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì tètè lọ. Mo rí ojú ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Nígbà yẹn, àánú rẹ̀ ṣì ń ṣe mí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìrun alásárì, Bàbá Alájì ní kí gbogbo àgbà jókòó. Ó ní ojú ti òun, pé àlejò wọ ilé òun, kò rí nǹkan mu. Ó ní, “Àgbá méjì la rà. Wọ́n ní á ṣẹ́ kù. Ta ló mu ún?”

Adìẹ ń fi ẹsẹ̀ tan ilẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn, à ń gbọ́ ọ.

Alàgbà wúkọ́ díẹ̀. “N kò fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n a ti bi gbogbo wa léèrè tẹ́lẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun á mu.”

Gbogbo ojú yí sí Màmá Àgbà.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. “Àgbá méjì? Èmi? Ibo ni mo gbé e sí?” Ó fi ọwọ́ lu ikùn rẹ̀ pẹlẹbẹ. Kò sí ẹni tó bá a rẹ́rìn-ín. Mo rí i bí ẹ̀rín náà ṣe kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, n kò sì lè sọ bí ó ṣe rí lára mi.

Bàbá Alájì ní, “Ìyá, a bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ ti ṣe àṣejù. Ọjọ́ orí yín kò gba èyí mọ́. Ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilé, kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀.”

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa, ó wọ ṣòkòtò òyìnbó tó fẹ̀ dáadáa lẹ́sẹ̀, ó ń wo bàtà rẹ̀ bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ tó rí i nìyẹn. Gbogbo ife ló mọ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ kí wọ́n gbà á gbọ́ bíi tirẹ̀. Mo dúró kó sọ̀rọ̀. Mo dúró, mo dúró.

Ni mo bá dìde.

“Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá mi. Ife kan ni Màmá mu. Mo rí fùláàsì tí wọ́n ń gbé wá, mo rí i tó kún, mo sì rí i tó padà wá. Mo rí àwọn tó ń da mínírà sí gọ́tà. Mo gbé ẹran wọ pálọ̀ kan, n kò bá àlejò kankan níbẹ̀ . . .”

Bàbá mi ké mọ́ mi. “Pa ẹnu rẹ dé! Kúnlẹ̀!”

Mo kúnlẹ̀, torí bàbá mi ni. Mo wà lórí eékún nígbà tí mo parí ọ̀rọ̀ mi. “Ẹni tó sọ òtítọ́ nìkan lẹ ń dá lẹ́jọ́.”

Ariwo sọ. Ọ̀kan ní báńkì ló bà mí jẹ́. Òmíràn ní ìwé ló yí mi lórí, pé bí ọmọbìnrin bá pẹ́ jù kó tó lọ sílé ọkọ, ohun tó máa ń dà nìyẹn. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó sọ pé irọ́ ni mo pa. Wọn ò dé ibẹ̀ rárá. Ohun tí wọ́n ń bá mi jà lé lórí ni pé mo sọ ọ́.

Màmá Àgbà dìde láàárín ariwo náà. Ó tún ìró rẹ̀ ró. Ó ní, “Mo ti gbọ́,” ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Kò tọrọ àforíjì.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi lórí àtẹ̀gùn. “Bùrọ̀dá, ẹ̀yin lẹ bu gbogbo rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ kò sọ̀rọ̀?”

Kò wo ojú mi. “Ta ló rán mi lọ sí ìlú òyìnbó? Ṣé kì í ṣe Bàbá Alájì ni? Kí lo fẹ́ kí n sọ?”

“Ta ló wẹ̀ yín kí ẹ tó dàgbà débi tí wọ́n á rán yín lọ?”

Ó kọjá lára mi, ó sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, Màmá Àgbà di ẹrù rẹ̀. Ó ní òun ń padà sí Pópó Àgùdà, sí ilé ẹ̀gbọ́n òun, níbi tí wọn kì í ka ife mọ́ àgbàlagbà lẹ́nu. Ìyá mi sunkún, ó rọ̀ mọ́ ọn, kò gbọ́. Ìyá mi wá sọ pé kí n bá a lọ, kí ẹnìkan lè wà pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá mi kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo gbé àpótí aṣọ rẹ̀ lérí, a fi ẹsẹ̀ rìn ín. Bó ṣe ń kí àwọn èèyàn lọ́nà, kò sí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n lé e ni, torí bí wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́, wọ́n lé e ni. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yẹn ni mo ti ń lọ sí báńkì wa ní Marina títí mo fi lọ ilé ọkọ.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ẹ̀gbọ́n mi wá. Ó gbé páálí bíà dúdú kan sẹ́yìn ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, aṣọ rere lára, nínú eruku iwájú ilé. Màmá Àgbà ní kó dìde. Ó gba páálí náà, ó sì gbé oúnjẹ fún un. Mo wọ inú yàrá lọ, n kò bá wọn jẹun.

Nígbà tó lọ tán, mo bínú sí Màmá pàápàá. “Ẹ gbà á! Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀!”

Ó ti ṣí ọ̀kan. Ó ń dà á sínú ife jẹ́jẹ́, kó má baà hó jù. “Mo gbà á torí pé òùngbẹ ń gbẹ mí. Kì í ṣe torí pé mo ti gbàgbé.” Ó mu díẹ̀. “Ọmọ mi ni. Kí n wá ṣe é báwo?”

Ó dárí jì í, ẹ̀tọ́ tirẹ̀ ni. Èmi kò ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Bàbá Alájì kú, Alàgbà kú, a sì sin Màmá Àgbà sí ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni tó padà sọ pé, “Ìyá, a ṣì yín mú.”

Ní ìjọsí, ọmọ àbúrò mi kan láti ilé ẹ̀yìn wá kí mi, ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà náà. A ń jẹun, a ń sọ̀rọ̀ ilé, ó kàn bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àǹtí, ṣé òótọ́ ni pé ìyá àgbà Àgùdà kan wà ní agboolé wa tó dá mu àgbá bíà méjì tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo?”

Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ nìyẹn. Ìtàn ẹ̀rín.

Mo gba abọ́ ọwọ́ rẹ̀, mo ní kó jókòó dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n rán mi láti yàrá dé yàrá, mo sì dárúkọ gbogbo wọn.